Títọ Ipa Rélùwéè Eléèédú ní Èkó: Láti Èbúté Mẹ́ta dé Marina

Ọjọ́rú

Ọkọ̀ ojú irin tuntun ni mo wọ̀ wá láti Ìbàdàn. Ó tutù, ó mọ́, àga rẹ̀ sì dẹ̀. Ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ojú irin yẹn, 157 kìlómítà ni gígùn rẹ̀, àlàfo tó wà láàárín irin rẹ̀ méjèèjì sì jẹ́ 1435 mìlímítà. Tésàn Mọ́bọ́lájí Johnson ní Alágoméjì la já sí. Bí àwọn èrò yòókù ṣe ń wá kẹ̀kẹ́ Márúwá tí wọn yóò wọ̀ ni èmi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí mò ń wá irin kejì.

Irin kejì yẹn ni mo torí ẹ̀ wá. Irin àtijọ́ ni, ó rí tóóró, ó ti dípẹtà, koríko sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán láwọn ibì kan. Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ kan, ó ní kí n má pẹ́ níbẹ̀. Mo yọ téèpù mi, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wọ̀n ọ́n: 1067 mìlímítà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ iye yẹn, síbẹ̀ inú mi dùn gan-an nígbà tí mo rí i lójú téèpù. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi tẹ́ irin ní Gánà nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Gold Coast. Òun náà ni ti Gúúsù Áfíríkà àti ti Jàpáánù.

Ìdí tí wọ́n fi yan irin tóóró kò ṣòro rí. Ó lè ṣẹ́ kọ́nà tó mú, kì í béèrè pé kí wọ́n gé òkè púpọ̀, afárá tó ń gbé e kì í fẹ̀, owó tí máìlì kan yóò jẹ sì kéré. Ìjọba amúnisìn tó fẹ́ kó èkùrọ́, òwú àti kòkó jáde kíákíá kò fẹ́ ná ju bó ṣe mọ lọ. Ìdó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ ní 1896. Ó wọ Ìbàdàn ní 1901, ó wọ Òṣogbo ní 1907, lẹ́yìn náà Ìlọrin àti Jẹ́bà. Ìyá tó bí ìyá mi ta ẹ̀kọ níwájú tésàn Dùgbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fèrè rélùwéè ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ̀kọ gbóná.

Ilé Àǹtí mi ní Yábàá ni mo sùn. Wọ́n bi mí pé ṣé nítorí irin tó ti dípẹtà ni mo ṣe gba àyè níbi iṣẹ́. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni mà.” Wọ́n bu ẹ̀bà sí i fún mi, a sì sọ̀rọ̀ míì.

Ọjọ́bọ̀

Ọgbà Rélùwéè, Èbúté Mẹ́ta. Mo ti kọ lẹ́tà ṣáájú kí n tó wá, nítorí kì í ṣe ibi téèyàn ń ṣàdédé wọ̀ kó máa ya fọ́tò kiri. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó tètè béèrè.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ílà, ìyẹn àgbá irin tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń hó, ló dúró dè mí lẹ́nu géètì. Àǹtí mi ló bá mi wá wọn rí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ káàárọ̀ sà.” Wọ́n ní, “Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun? Ibi tí a ń lọ jìn.”

Ilé Jaekel la kọ́kọ́ dé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, ìyẹn ni pé ó ti wà níbẹ̀ kí rélùwéè tó dé Ìbàdàn. Orúkọ Francis Jaekel ni wọ́n fi sọ ọ́, ọ̀gá kan ní Rélùwéè Nàìjíríà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tó sì kọ ìtàn iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìdìpọ̀ mẹ́ta. Ilé náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wó kí ẹgbẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995 láti máa dáàbò bo ilé àtijọ́, tó bá Àjọ Rélùwéè fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti tún un ṣe. Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló dà báyìí. Fọ́tò àwọn òṣìṣẹ́ láti àwọn ọdún 1940 dé 1970 wà lára ògiri, pẹ̀lú àwọn ohun èlò ayé amúnisìn.

Iwájú àwọn fọ́tò yẹn ni mo ti pẹ́ jù. Ẹ wo ojú àwọn ọkùnrin náà! Aṣọ iṣẹ́ wọn ti gba epo àti èédú, fìlà wọn tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì dúró ṣinṣin. Bàbá fi ìka tọ́ka sí ọ̀kan lára wọn, wọ́n ní, “Irú àwọn wọ̀nyí ni wọ́n bá Imoudu yan iṣẹ́ lódì ní 1945. Bàbá tó bí mi wà nínú wọn.” Michael Imoudu ni olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè nígbà náà. Ogun àgbáyé ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó oṣù sì wà bó ṣe wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba káàkiri Nàìjíríà fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní oṣù kan. Rélùwéè ni ẹ̀yìn wọn: bí ọkọ̀ ojú irin bá ti dúró, gbogbo ilẹ̀ yìí ló dúró. Mo rò pé a kì í sọ ọ́ tó pé ọgbà yìí jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí ìjà òmìnira ti gbérí. Àwọn tó ń fi òòlù lu irin níbí ló kọ́ ìjọba amúnisìn lẹ́kọ̀ọ́.

Lẹ́yìn náà la dé ìdí ẹ́ńjìnnì eléèédú kan. Ó dúró lábẹ́ igi, dúdú, ìpẹtà ti bò ó, ewéko ti gbọ̀nà ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ. Bàbá ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n fọwọ́ lé e lára, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Mo kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Ẹ̀yìn ni iná wà, nínú àpótí irin kan tó ní ilẹ̀kùn. Láti ibẹ̀, ooru iná àti èéfín ń gba inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ páìpù kọjá, omi bọ́ílà sì yí àwọn páìpù náà ká. Bí omi bá ti hó, ooru tó ń rú jáde lára omi náà kò rọ́nà lọ, agbára rẹ̀ á máa pọ̀ sí i títí dẹ́rẹ́bà yóò fi ṣí i sínú sílíńdà, ìyẹn àgbá irin kékeré tí irin kan tó ń jẹ́ písítìn wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti ti písítìn lọ, tí yóò tì í bọ̀. Ọ̀pá irin tó so mọ́ písítìn ló ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Títí dé ibí yìí, ohun tí mo ti kà rí ni. Èyí tó ya mí lẹ́nu ni ohun tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e.

“Ooru tó ti ṣiṣẹ́ tán, o rò pé wọ́n kàn ń tú u dànù ni?” Mo ní mi ò mọ̀ sà. “Inú ihò èéfín ni wọ́n darí rẹ̀ sí. Bó ṣe ń bú jáde, ó ń fa afẹ́fẹ́ gba inú iná kọjá. Òun ló ń ṣe fáú, fáú, fáú tí ẹ̀ ń gbọ́. Ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ni. Bí ẹrù bá ṣe wúwo tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò mí tó. Bó bá sì ṣe mí tó, bẹ́ẹ̀ ni iná yóò ràn tó. Ẹ́ńjìnnì yìí ló ń fẹ́ iná ara rẹ̀.”

Mo dúró, mo ń wo ihò èéfín náà. Láti kékeré ni mo ti mọ ìró yẹn lẹ́nu àwọn àgbà, n kò mọ̀ pé iṣẹ́ ló ń ṣe.

Bàbá ní omi ni fáyámáànù, ẹni tó ń da èédú sínú iná, gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ju iná lọ. Bí omi bọ́ílà bá fà débi pé òkè àpótí iná hàn síta, irin ibẹ̀ á gbóná jù, ó sì lè bẹ́ pa gbogbo wọn. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fi òjé dí ihò kékeré kan síbẹ̀. Òjé yẹn ni yóò kọ́kọ́ yọ́, omi àti ooru á tú sórí iná, dẹ́rẹ́bà á sì mọ̀ pé ewu ti dé. “Ẹni tí òjé rẹ̀ bá yọ́,” Bàbá ní, “yóò jẹ́jọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá.”

Ti èédú náà ní ìtàn tirẹ̀. Ẹnúgu ni wọ́n ti ń wà á. Ní 1916, irin dé ibẹ̀ láti Port Harcourt, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń gbé èédú wá sí Èkó láti ibẹ̀. Ìgbà tí wọ́n parí afárá Mákúrdí lórí odò Bẹ́núé ní 1932 ni ìlà Ìlà-Oòrùn àti ti Ìwọ̀-Oòrùn tó di ọ̀kan ṣoṣo, tí kọ́ọ̀ṣì lè gbéra ní Port Harcourt kó sì já sí Èkó láìfẹsẹ̀ kan omi.

Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tó ṣiṣẹ́ ìgbẹ̀yìn eléèédú lórí irin wa ni àwọn tí wọ́n ń pè ní River, tí wọ́n ṣe láàárín 1948 sí 1954. Ẹsẹ̀ ńlá mẹ́jọ ló ń wọ́ ẹrù lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Iṣẹ́ wọn dára débi pé nígbà tí àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ń wá ẹ́ńjìnnì tuntun, àpẹẹrẹ ti Nàìjíríà ni wọ́n tẹ̀ lé. Ẹni tó bá lọ sí Nairobi yóò rí i pé wọ́n kó ẹ́ńjìnnì wọn jọ síbì kan tí ará ìlú lè sanwó wọlé wò wọ́n, láti 1971. Èyí dùn mí. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti kọ́ bí ẹ́ńjìnnì wọn yóò ṣe rí. Ó yẹ kí àwa náà kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ọjọ́ Ẹtì

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn lónìí, láti ọjà Òyìngbò lọ sí Ìdó, kí n tó gòkè afárá Carter. Òògùn gbà mí láṣọ.

Ìdó ló yẹ kó ṣe pàtàkì jù lọ fún ẹni tó bá fẹ́ràn rélùwéè ní Nàìjíríà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Erékùṣù ni nígbà náà, afárá Denton ló so ó mọ́ Èbúté Mẹ́ta, afárá Carter sì so ó mọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó. Lónìí, ọkọ̀ elérò àti àwọn ọlọ́jà ló pọ̀ níbẹ̀. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan tó ń ta omi, mo bi wọ́n bóyá wọ́n rántí rélùwéè. Wọ́n ní, “Ha, mo rántí o! Àwọn ọmọ ń gun orí rẹ̀. Bó bá ń bọ̀ láti Ìjókò láàárọ̀, o ò ní rí òrùlé ọkọ̀, orí èèyàn lo máa rí.”

Ohun tí mo ń wá gan-an ti wà kí ìyá náà tó dé ayé. Ní 1902, rélùwéè kékeré kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Ìdó, ó gba orí afárá Carter, ó sọ̀ kalẹ̀ sí Erékùṣù Èkó, ó sì lọ títí dé Marina. Ẹ́ńjìnnì eléèédú ló ń fà á láàárín ìlú, láàárín ẹlẹ́sẹ̀ àti ọlọ́jà! Irin tirẹ̀ tún tóóró ju ti rélùwéè ńlá lọ: 762 mìlímítà, ẹsẹ̀ bàtà méjì àtààbọ̀ péré. Nítorí pé ìwọ̀n irin méjèèjì kò dọ́gba, kò sí bí kọ́ọ̀ṣì tó ti Ìbàdàn bọ̀ ṣe lè rékọjá sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìdó ni èrò ti ń bọ́lẹ̀ tí wọ́n ń wọ èyí tó kéré, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ tí wọ́n tún ń dì í.

Òpin ọdún 1913 ni kò gbé èrò mọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò tú irin náà ká: ìgbẹ́ ìlú ni wọ́n fi ń kó, títí di 1933. Àwọn agbépòó ń ru garawa láti ilé dé ilé lóru, rélùwéè náà sì ń gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń dà á sínú ọ̀sà. Ọ̀pọ̀ tó bá ń sọ ìtàn Èkó máa ń fo ibí yìí. Èmi kò ní fò ó. Ìlú tí ilé há mọ́ra bẹ́ẹ̀, tí kanga rẹ̀ kò jìn, àrùn ì bá pa èèyàn ju bó ṣe pa wọ́n lọ bí kò bá sí àwọn tó ń ru garawa yẹn àti ẹ́ńjìnnì tó ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó yẹ kí wọ́n ní òkúta ìrántí.

Lórí afárá, kò sí ohunkóhun tí mo lè fọwọ́ kàn. Afárá tí à ń gùn lónìí kọ́ ni ti 1901 tí wọ́n fi orúkọ Gómìnà Gilbert Carter sọ. Wọ́n ti tú ìyẹn palẹ̀, wọ́n sì kọ́ tuntun ní ìparí àwọn ọdún 1970. Mo sọ̀ sí Ìdúmọ̀tà, mo yà sí ọ̀nà Ọlọ́wọ̀gbowó. Mo ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí owó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí irin. Aláṣọ kan ní, “Kí lẹ̀ ń wá mà?” Mo ní rélùwéè. Ó ní, “Níbí kẹ̀?” Mo sọ ìtàn náà fún un. Ó pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kó wá gbọ́, ọkùnrin tó ń ta bàtà náà sì sún mọ́ wa. A dúró síbẹ̀ títí oníbàárà kan fi dé.

Ọlọ́wọ̀gbowó yìí mú mi rántí nǹkan kan. Àwọn Sàró ló tẹ apá ibẹ̀ dó, àwọn ọmọ wa tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú, tí wọ́n gbé ní Freetown kí wọ́n tó padà wálé. Rélùwéè Sierra Leone, ẹsẹ̀ bàtà méjì àtààbọ̀ náà ni irin rẹ̀! Wọ́n pa á tì ní 1974. Ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ fi ẹ́ńjìnnì àti kọ́ọ̀ṣì pamọ́ sí ilé iṣẹ́ rélùwéè ní Cline Town, ogun abẹ́lé jà lórí wọn, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ní 2005, wọ́n sọ ibẹ̀ di ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọ̀kan nínú ẹ́ńjìnnì Sierra Leone, tí wọ́n ṣe ní Leeds ní 1954, wà ní Wales lọ́wọ́ àwọn olùfẹ́ rélùwéè ní Welshpool. Ìlú tí ogun bà jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí irin tirẹ̀ pa mọ́. Kí ló wá dé tí Èkó ò fi lè ṣe é?

Ní Marina, mo fi káàdì Cowry tí a fi ń sanwó ọkọ̀ wọlé, mo gun rélùwéè Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023. Iná mànàmáná ló ń lò. Ó gba orí omi kọjá lọ sí Ìgánmú, àwọn ọmọ iléèwé méjì ń ya fọ́tò lójú fèrèsé. Inú mi dùn sí i tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n nínú tésàn náà, n kò rí ohun kan tó sọ fún àwọn ọmọ yẹn pé rélùwéè ti dé Marina rí, ní 1902.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Bàbá ní kí n wá kí àwọn nílé kí n tó padà. Mo bá ọ̀rẹ́ wọn kan níbẹ̀, gáàdì rélùwéè tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ Ẹ̀gbá. Wọ́n se ìrẹsì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn kí ọbẹ̀ tó dé.

Ìtàn Bàbá Gáàdì ni mo fẹ́ kọ ṣáájú. Ní 1918, nígbà ogun Àdùbí, tí àwọn Ẹ̀gbá kọ owó orí tí ìjọba gbé kalẹ̀ lẹ́yìn tó gba òmìnira wọn lọ́wọ́ wọn ní 1914, wọ́n hú irin rélùwéè, wọ́n sì gé wáyà tẹligíráàmù. Bàbá Gáàdì ní bàbá àgbà àwọn wà nínú àwọn tó hú u. Wọ́n ní, “Bàbá àgbà hú irin, èmi fi irin náà tọ́ ọmọ mẹ́fà.” Wọ́n fi ọ̀wọ̀ sọ méjèèjì.

Àríyànjiyàn wọn: bí a bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì eléèédú kan ṣoṣo tún rìn, kó kàn gbé ọmọdé láti ìkangun kan ọgbà náà dé ìkejì, kí la ó kọ́kọ́ ṣe? Bàbá ní bọ́ílà ni. Kí wọ́n yọ gbogbo páìpù inú rẹ̀, kí wọ́n fọ ọ́, kí wọ́n pààrọ̀ èyí tó bá ti jẹ, kí wọ́n wá fi omi tútù kún un, kí wọ́n fi pọ́ǹpù tì í kọjá agbára tí yóò fi ṣiṣẹ́, kí wọ́n wo ibi tó ń jò. Omi tútù ni, nítorí bí bọ́ílà bá là nígbà tí omi tútù wà nínú rẹ̀, ó kàn máa jò ni. Bó bá jẹ́ ooru, òkú ni yóò sùn. Bàbá Gáàdì ní, “Ẹ dúró ná. Òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi páànù bo orí rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ Bàbá Gáàdì ni mo gbà. Bọ́ílà yóò gba owó, ọdún yóò sì gorí ọdún. Páànù kò ju iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lọ. Àwọn tó ń ra irin àlòkù kò sì sinmi. Ohun tí kò bá sí lábẹ́ òrùlé, tí kò sí nínú ìwé, ẹnikẹ́ni lè sọ pé òun rò pé wọ́n ti jọ̀wọ́ rẹ̀ ni. Bàbá náà gbà nígbẹ̀yìn, wọ́n ní ṣùgbọ́n kí á kọ ti bọ́ílà sí i.

A kọ lẹ́tà náà lórí tábìlì lẹ́yìn oúnjẹ. Ohun tó wà nínú rẹ̀: kí wọ́n fi òrùlé bo gbogbo ẹ́ńjìnnì eléèédú tó bá kù nínú ọgbà náà, kí wọ́n kọ nọ́ńbà ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ọdún tí wọ́n ṣe é sínú ìwé kan tí ará ìlú lè rí kà, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn àgbà tó mọ iṣẹ́ bọ́ílà kọ́ ọmọ díẹ̀ láti iléèwé ìmọ̀ ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, kí wọ́n sì fi àmì kan sí Marina fún rélùwéè 1902 àti àwọn agbépòó. Bàbá fọwọ́ sí i, Bàbá Gáàdì fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i. Àǹtí mi ni yóò mú un dé Ọgbà Rélùwéè lọ́jọ́ Ajé, wọ́n sì ti ní kí n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan fún ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìntì ló ń jọ́sìn níbẹ̀.